Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Láìgba Ọmú Lẹ́nu Ọmọ: Bí Ẹ Ṣe Lè Fún Omi Ọmú Sílẹ̀ Níbi Tí Iná Kì Í Dúró

Ìbéèrè kan kì í tán lẹ́nu àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun: “Ìsinmi ìbímọ mi ti ń lọ sópin, ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní ọmú nìkan ni kí n máa fún un títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Mi ò ní firísà, iná kì í sì í dúró ládùúgbò wa. Ọgbọ́n wo ni kí n dá sí i?”

Ó ṣeé ṣe. Ẹ kò nílò firísà, ẹ kò sì nílò pọ́ǹpù olówó ńlá. Ọwọ́ yín méjèèjì, ìkòkò tí ẹ ó fi se ike, kúlà kékeré kan, àti ẹnì kan nílé tó máa ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe, wọ́n tó.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Àwọn fídíò tí ẹ ń wò, níbi tí ìyá ọmọ ti kó ọ̀rá omi ọmú jọ sínú firísà bí ẹni kó ẹran Iléyá jọ, ilé tí iná kì í lọ ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ má bá wọn dù ú. Tiwa ni pé kí ọmọ mu lọ́la ohun tí ẹ bá fún lónìí. Bí ẹ bá gba èyí, ìdajì wàhálà náà ti lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ bá ọ̀gá yín sọ̀rọ̀

Abala 54 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, fún obìnrin ní ìsinmi ìbímọ ọ̀sẹ̀ 12: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ mìíràn máa ń fúnni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò sì mọ̀, ni pé abala yìí kan náà ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, láàárín àsìkò iṣẹ́, nítorí ọmú ọmọ.

Ẹ má fi ìjà bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó padà. Ẹ sọ aago tí ẹ ó máa lọ àti yàrá tí ẹ ó lò. Yàrá ìkẹ́rùsí tó ní kọ́kọ́rọ́ dára. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò dára, ẹ má gbà á: oúnjẹ ọmọ ni ẹ fẹ́ ṣètò níbẹ̀.

## Ohun tí ẹ máa pèsè

- Ife ẹlẹ́nu gbòòrò méjì, onígíláàsì tàbí ike líle, tí ẹ ó máa fún omi ọmú sí
- Ike líle kéékèèké mẹ́fà tí ìdérí wọn dé pinpin
- Ife kékeré tí ètè rẹ̀ kò mú, tí ọmọ yóò fi máa mu
- Kúlà kékeré àti yìnyín
- Téèpù ìwé àti bírò
- Tówẹ̀lì mímọ́ àti ìborùn kan

Ní ti yìnyín, píọ̀ wọ́tà dídì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ kọ́kọ́ wé e sínú ọ̀rá mìíràn tí kò jò, kí omi rẹ̀ má baà máa kan ìdérí ike.

Ẹ má lo ọ̀rá láílọ́nù lásán. Ẹ má sì lo ike omi tí wọ́n ti mu tán: ọrùn rẹ̀ tóóró, kàn-ìn-kàn-ìn kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn, ẹ ṣàn wọ́n, kí ẹ wá sè wọ́n nínú omi tó bò wọ́n mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tó bá ti hó. Ẹ ya ìkòkò kan sọ́tọ̀ fún èyí. Ìkòkò ọbẹ̀, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó, òórùn ata kì í tán níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbẹ wọ́n lórí tówẹ̀lì mímọ́. Ẹ má fi aṣọ ìnuwọ́ nù wọ́n.

## Bí ẹ ṣe máa fi ọwọ́ fún ọmú

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń sọ̀rètí nù, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ kà á.

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín, títí dé abẹ́ èékánná. Ẹ kò ní láti fi ọṣẹ fọ orí ọmú. Ọṣẹ máa ń mú kó gbẹ, kó sì là. Omi tí ẹ fi wẹ̀ láàárọ̀ ti tó.

2. Ẹ jókòó níbi tí ọkàn yín ti balẹ̀. Bí ọmọ kò bá sí nítòsí, ẹ wo fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù, tàbí kí ẹ gbé aṣọ rẹ̀ tí wọn kò tíì fọ̀ sí imú. Ẹ má rò pé eré ni. Ara ìyá tó ń ro ọmọ rẹ̀ a máa tú omi ọmú sílẹ̀. Ara tó ń gbọ́ ìró bàtà ọ̀gá kì í tètè tú u sílẹ̀.

3. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ bo ọmú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ rà á wọ́ọ́rọ́wọ́, láti òkè wá sí ọ̀nà orí ọmú.

4. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ gbé ife sábẹ́. Ẹ fi àtàǹpàkò sí òkè ọmú, ìka ìfábẹ̀lá sí ìsàlẹ̀, kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Kì í ṣe orí ọmú gan-an ni ẹ ó dì mú o: ẹ̀yìn rẹ̀ ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 3, létí ibi dúdú tó yí i ká.

5. Ẹ ti ìka méjèèjì sẹ́yìn, sí ọ̀nà egungun àyà. Ẹ tẹ̀ wọ́n pọ̀. Ẹ tú u. Ti, tẹ̀, tú. Ti, tẹ̀, tú.

6. Ní ìṣẹ́jú kan tàbí méjì àkọ́kọ́, nǹkan kan lè má jáde. Ẹ má dáwọ́ dúró. Ẹ̀kán kan á yọ sórí ọmú, á rọ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jábọ́. Òmíràn á tì í sílẹ̀. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú lójú ihò méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ó sì máa gbọ́ ọ bó ṣe ń ta sí ara ife.

7. Ẹ máa yí ìka yín káàkiri: òkè àti ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì, kí gbogbo ọmú lè rọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìka máa yọ̀ lórí awọ ara, ẹ má sì fa orí ọmú.

8. Nígbà tí ó bá dín kù, bíi lẹ́yìn ìṣẹ́jú 3 sí 5, ẹ bọ́ sí ọmú kejì. Ẹ tún padà sí ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà sí èkejì. Gbogbo rẹ̀ máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30.

Bó bá ń dùn yín, ìka yín ti sún mọ́ orí ọmú jù, tàbí ẹ̀ ń fà á. Ẹ sún ìka sẹ́yìn.

Tó bá jẹ́ pọ́ǹpù lẹ fẹ́ lò. Kò burú. Ẹ yẹra fún èyí tó ní rọ́bà rogodo lẹ́yìn, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Omi ọmú máa ń wọ inú rọ́bà náà, kò sì ṣeé fọ̀ mọ́. Ẹ má yá pọ́ǹpù ẹlòmíràn lò, àfi tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilé ìwòsàn. Kí ẹ sì ṣì kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ fún un, nítorí ọjọ́ tí bátìrì bá kú.

## Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ ìpadà

Ẹ má dúró di alẹ́ Sọ́ńdè.

1. Lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, láàárọ̀, ẹ fún ọmú ní bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí ọmọ mu tán. Àárọ̀ ni ó máa ń pọ̀. Tí ẹ bá rí ìsàlẹ̀ ife nìkan, ẹ má sunkún: ọmọ ti mu tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ara yín kò sì tíì mọ̀ pé ẹlòmíràn tún ń béèrè.

2. Láti ọjọ́ kẹrin, ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa tọ́jú ọmọ fi ife fún un ní èyí tí ẹ fún yẹn. Kí ẹ̀yin jáde kúrò ní yàrá. Ọmọ tó bá gbóòórùn ìyá rẹ̀ kò ní gba ife, ta ni ó fẹ́ gba ike nígbà tí ọmú wà nítòsí?

3. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ dán ọjọ́ kan wò. Ẹ jáde láàárọ̀, ẹ padà lọ́sàn-án. Ẹ wo ohun tó ṣẹ́ kù, ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó tọ́jú ọmọ, kí ẹ tún un ṣe.

4. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìpadà, ẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Èyí ni ọmọ yóò mu lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Bó bá ṣeé ṣe, ẹ padà ní Ọjọ́bọ̀ tàbí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ méjì iṣẹ́, lẹ́yìn náà ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ láti tún ètò tò. Padà ní ọjọ́ Ajé ni ó máa ń le jù.

## Èló ni ó tó ọmọ?

Ọmọ tó wà láàárín oṣù 1 sí 6 máa ń mu bíi 30 sí 45 ml fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò fi sí nílé. Bí ẹ bá jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, tí ẹ sì wọlé ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, wákàtí 10 nìyẹn: 300 sí 450 ml. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan jẹ́ 500 ml. Ẹ rí i pé kò tó ọ̀rá kan.

Omi ọmú kò dà bí mílíìkì agolo tí ìwọ̀n rẹ̀ ń lọ sókè bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹfà, ohun tí ọmọ ń mu lójúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Nítorí náà, bí àǹtí kírẹ́ṣì bá ní “Ọmọ yín ti dàgbà, ẹ fi kún un”, ẹ wo ìtọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbọ́ tiwọn.

Ẹ pín in sí 60 sí 90 ml nínú ike kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ike ńlá kan, tí ọmọ sì mu díẹ̀ níbẹ̀, ó di dandan kó da ìyókù nù. Kò sí ohun tó ń dun ìyá ọmọ bíi kí wọ́n da omi ọmú nù.

## Bí ọjọ́ iṣẹ́ ṣe máa rí

- Aago márùn-ún àárọ̀: ẹ fún ọmọ lọ́mú. Bí ó bá mu ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ẹ fún ẹ̀gbẹ́ kejì sínú ife.
- Kí ẹ tó jáde: ẹ tún fi í sí ọmú, bí ó tiẹ̀ ń tòògbé.
- Aago mẹ́wàá, aago kan, aago mẹ́ta ààbọ̀: ẹ fún un níbi iṣẹ́. Bí ẹ̀ẹ̀mejì nìkan bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sí aago mẹ́wàá ààbọ̀ àti aago méjì ààbọ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́rin lọ láìfún un, kí ọmú má baà le.
- Tí ẹ bá dé: bàtà ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́, kí ẹ fọ ọwọ́, kí ẹ gbé ọmọ. Ọbẹ̀ lè dúró. Ẹ ti sọ fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ pé kó má fún un ní àmuyó ní wákàtí tó kẹ́yìn; bí ebi bá pa á, 30 ml péré.
- Lóru: ìgbàkígbà tó bá fẹ́. Òru ni èròjà tó ń mú omi ọmú wá pọ̀ jù nínú ara ìyá. Ìyá tó bá gba ọmú lẹ́nu ọmọ lóru kí òun lè sùn, tí ó wá ń ráhùn pé omi ọmú òun ń gbẹ, òun fúnra rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba Third Mainland Bridge tàbí ojú ọ̀nà Mọ́wẹ̀ lọ sílé mọ̀ pé wákàtí kan lè di mẹ́ta. Ẹ ra yìnyín tuntun sínú kúlà kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kódà bí ti àárọ̀ kò bá tíì yọ́ tán.

Ọlọ́jà tó ń pọn ọmọ lọ sí ìsọ̀ kò nílò gbogbo ètò yìí. Kó máa bá a lọ. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn yín, oúnjẹ rẹ̀ wà lára yín. Ohun tó kù ni kí ẹ fi agbòòrùn bò ó kúrò lóòrùn.

## Títọ́jú rẹ̀ kó má bàjẹ́

Ẹ lẹ téèpù mọ́ ike kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ àti aago sí i. Èyí tó pẹ́ jù ni kí ọmọ kọ́kọ́ mu.

- Nínú yàrá tó tutù, 25°C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀: wákàtí 4.
- Nínú kúlà tí yìnyín yí i ká: wákàtí 24.
- Nínú fíríìjì tó ń tutù dáadáa, 4°C: ọjọ́ 4. Ẹ̀yìn pátápátá ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe ara ilẹ̀kùn.
- Nínú firísà tí iná rẹ̀ kì í lọ: oṣù 6 ló dára jù.
- Èyí tó dì tẹ́lẹ̀ tó ti yọ́ nínú fíríìjì: wákàtí 24. Tí ẹ bá ti mú un kúrò níbẹ̀, wákàtí 2. Ẹ má dá a padà sí firísà.
- Èyí tí ẹnu ọmọ ti kàn: láàárín wákàtí 2 lẹ́yìn tó mu tán. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù.

Wákàtí mẹ́rin tí mo kọ yìí, yàrá tó tutù ni mo ní lọ́kàn o. Nínú ilé onípáànù ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, ooru ibẹ̀ ju 25°C lọ fíìfíì. Ẹ má ka wákàtí kankan níbẹ̀. Bí ẹ bá ti fún un tán, inú kúlà ló ń lọ.

### Bí NEPA bá mú iná lọ

Fíríìjì tí wọn kò ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń tutù fún bíi wákàtí 4. Nítorí náà:

1. Ẹ máa fi ike omi méjì mẹ́ta dì sínú firísà òkè ní gbogbo ìgbà tí iná bá wà.
2. Bí iná bá lọ, ẹ kọ aago tó lọ sára ilẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má ṣí i. Ẹni tó bá fẹ́ omi tútù, kó lọ rà á níta.
3. Tó bá ń sún mọ́ wákàtí mẹ́rin, ẹ kó omi ọmú àti ike yìnyín sínú kúlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bí iná yín kò bá ju wákàtí mẹ́rin márùn-ún lọ lójúmọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ka fíríìjì yẹn sí fíríìjì. Ibi tí ẹ ti ń ṣe yìnyín ni. Kúlà ni kí omi ọmú máa gbé, wákàtí 24 ni kí ẹ sì fi ṣe òdiwọ̀n rẹ̀.

Ẹ má sì torí omi ọmú tan jẹnẹrétọ̀ sí fàráńdà tàbí nítòsí fèrèsé yàrá ọmọ. Èéfín rẹ̀ ń pani.

## Iṣẹ́ ẹni tó dúró ti ọmọ

Ìyá yín ni o, ìyá ọkọ yín ni o, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀, ẹ jókòó tì wọ́n kí ẹ fi hàn wọ́n. Ẹ má fi ẹnu lásán sọ ọ́. Fún àwọn àgbà, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: “Mà, nọ́ọ̀sì ní báyìí ni kí a máa ṣe é” máa ń wọlé ju “Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀” lọ.

Láti mú un lọ́wọ́ọ́wọ́: ẹ gbé ike náà sínú abọ́ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ rọra yí i. Ẹ má gbé e ka iná, ẹ má fi máíkírówéfù gbóná rẹ̀; ibì kan nínú rẹ̀ á hó, ibì kan á tutù, á sì jó ọmọ lẹ́nu. Ẹ kán an sí ẹ̀yìn ọwọ́. Ọ̀rá rẹ̀ máa ń léfòó sókè bíi pé ó ti dàlú. Kò tíì bàjẹ́. Ẹ yí i pọ̀. Bó bá ń rùn bí ọṣẹ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ mú un jáde nínú fíríìjì, ìyẹn náà kò burú bí ọmọ bá ń mu ún. Èyí tó bá kan, tí òórùn rẹ̀ korò sí imú, ẹ dà á nù.

Láti fi ife fún un:

1. Kí ọmọ jí dáadáa. Ẹ gbé e jókòó lórí itan, kí ẹ̀yìn àti orí rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ kó má baà gbá ife.
2. Ẹ gbé etí ife lé ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí omi ọmú yóò fi kan ètè rẹ̀, kí ẹ dúró níbẹ̀.
3. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ahọ́n lá a fúnra rẹ̀. Ẹ má dà á sí i lẹ́nu.
4. Bí ó bá pa ẹnu dé, tó yí orí, ó ti yó. Ẹ gbé e lé èjìká, kó gùfẹ̀.

Ẹ kíyè sí èyí gidigidi: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ ọmọ. Dídì í nímú, kí wọ́n sì fi àtẹ́lẹwọ́ da nǹkan sí i lọ́fun, mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń rọ lè gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè pa ọmọ lójú ẹsẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan ife ju fídà lọ: fídà ṣòro láti fọ̀ mọ́ níbi tí omi kò ti tó, ọmọ mìíràn sì máa ń kọ ọmú lẹ́yìn tí ó bá mọ fídà. Bí ọmọ yín bá kọ ife kanlẹ̀, ẹ gbìyànjú ṣíbí. Bí ó bá di fídà dandan, ẹ sè é ní gbogbo ìgbà, kí ẹ sì gbé ọmọ dání. Ẹ má fi ìrọ̀rí gbé fídà lé e lẹ́nu.

Ẹ kọ èyí sára ògiri:

- Kò sí omi. Omi ló pọ̀ jù nínú omi ọmú, ó ju ìdá 80 nínú 100 lọ. Nínú ooru, ẹ fún un lọ́mú sí i ni
- Kò sí àgbo, kò sí gírípù wọ́tà, kò sí oyin
- Kò sí oògùn eyín tí dókítà kò kọ
- Ẹ̀yìn ni kí ọmọ fi sùn, láìsí ìrọ̀rí
- Ẹ pè mí kí ẹ tó fún un ní ohunkóhun mìíràn

Ní ti oògùn eyín, ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn kan tí wọ́n ń pè ní My Pikin, tí wọ́n ṣèèṣì fi májèlé pò, pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Láti ṣọ́ọ̀bù ni àwọn òbí ti rà á.

Bí ọmọ bá ń sunkún, ebi nìkan kọ́ ni. Ẹ yẹ páńpásì wò, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn lára rẹ̀, ẹ gbé e lé èjìká bóyá afẹ́fẹ́ ló há sí i nínú, ẹ pọ̀n ọ́n kí ẹ rìn díẹ̀. Orin àti ẹ̀yìn gbígbóná ti yanjú ọ̀pọ̀ ẹkún tí wọn ì bá torí rẹ̀ ṣí agolo.

## Ohun tó ń bà yín lẹ́rù

“Omi ọmú mi ti ń dín kù.” Ẹ fi ẹ̀ẹ̀kan kún iye ìgbà tí ẹ ń fún un fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ sì fi ọmọ sí ọmú látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kọ mímu gbígbóná dára, ẹ mu ún, ṣùgbọ́n ọmú tí wọ́n bá ń fún tán ni omi rẹ̀ ń pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìfètòsọ́mọbíbí, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ẹ ń fọ́mọ lọ́mú. Àwọn oògùn kan nínú rẹ̀ ń dín omi ọmú kù.

“Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ó ń yó?” Ó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ìtọ̀ rẹ̀ kò pọ́n, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń lọ sókè nínú káàdì rẹ̀. Ó tán.

“Wọ́n ní omi ọmú tó bá pẹ́ ní àyà ti kan, kí n fún un dànù kí n tó fi ọmọ sí i.” Kì í kan nínú ọmú. Ẹ fi ọmọ sí i.

“Ọmọ kò mu tó nígbà tí mi ò sí, gbogbo òru ni ó wá fi ń mu.” Àwọn ọmọ kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìtọ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ bá dára, ẹ jẹ́ kó máa ṣe é, kí ẹ̀yin tètè máa sùn.

“Ìyá mìíràn ní òun á bá mi fún ọmọ lọ́mú.” Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má gbà. Àìsàn lè gba ibẹ̀ wọlé. Ìyá tó ní kòkòrò HIV tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé lè fún ọmọ tirẹ̀ lọ́mú. Ìlànà ilé ìwòsàn rẹ̀ ni kó tẹ̀ lé.

## Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe

Ẹ wò ó bóyá kírẹ́ṣì kan wà nítòsí ibi iṣẹ́, kí ẹ lè lọ fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ṣé wọ́n ń gba omi ọmú tí ìyá fún? Ṣé wọ́n ń lẹ orúkọ mọ́ ike? Ọmọ mélòó ni ẹnì kan ń tọ́jú? Ṣé ẹ lè wọlé nígbàkígbà láìsọ tẹ́lẹ̀? Bí wọ́n bá kọ èyí tó kẹ́yìn yìí, ẹ wá ibòmíràn.

Bí ó bá di pé omi ọmú kò tó láti fi kájú ọ̀sán, tí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì sì ní kí ẹ fi mílíìkì agolo kún un, ẹ tẹ̀ lé ìwọ̀n tó wà lára agolo gẹ́lẹ́. Ẹ má la omi sí i kó lè pẹ́ kó tó tán. Ọmọ tó ń mu omi funfun kì í sanra. Kí ẹ sì máa fún un lọ́mú láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ àti lóru síbẹ̀. Díẹ̀ sàn ju àìsí lọ.

## Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ bí

- ara ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá gbóná tó 38°C
- ó bá kọ ọmú àti ife, tàbí tí kò ṣeé jí
- àwújẹ̀ rẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tí kò tọ̀ fún wákàtí mẹ́fà
- ó bá ń mí kíákíákíá, tàbí gìrì mú un
- ibì kan lára ọmú yín bá le, tó pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì bá a wá. Ẹ má dáwọ́ ọmú dúró nítorí èyí. Ẹ máa fọ́mọ lọ́mú. Bí kò bá rọ̀ láàárín ọjọ́ kan, ẹ lọ.

## Tí ọmọ bá pé oṣù mẹ́fà

Oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀kọ tí ẹ fi ẹ̀wà tàbí edé lílọ̀ sí, iṣu gígún rírọ̀, ẹyin, èso. Omi mímọ́ náà wọlé. Ọmú ń bá a lọ títí ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò pọn dandan mọ́ kí ẹ máa fún un lẹ́ẹ̀mẹta níbi iṣẹ́. Ẹ yọ ẹ̀ẹ̀kan kúrò, ẹ dúró bí ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí ara mọ̀ ọ́n, kí ẹ tó yọ òmíràn. Bí ẹ bá dá a dúró lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọmú á le mọ́ yín láyà lójú iṣẹ́, á sì rin ẹ̀wù yín níwájú àwọn oníbàárà.